Kì Í Ṣe Okùn Nìkan Ló Ń Ṣeni Léṣe: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Eré Okùn Àwọn Àgbàlagbà

Àwọn àgbàlagbà tó fẹnu kò láti máa fi okùn de ara wọn ṣeré ní yàrá wọn sábà máa ń bẹ̀rù pé kí ìdè má le jù. Wọn ò jayò pa níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ní kí ẹni tí wọ́n dè dúró tàbí kúnlẹ̀ gan-an lè ṣe é léṣe ṣáájú okùn. Ẹ na apá yín méjèèjì sókè, kí ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èjìká á fi máa ro yín, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì dè yín.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí wọ́n ka ọwọ́ tó ń kú mọ́ ìfaradà. Ìrora èjìká tó rẹ̀ máa ń lọ. Iṣan tó ń gbé agbára àti ìmọ̀lára dé ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀yìn egungun apá òkè yọ sí ìta. Bí okùn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, ọwọ́ lè rọ wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, kó má ṣeé gbé sókè fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀rù nìyẹn nínú takate-kote, ìdè àwọn ará Japan tó ń kó apá méjèèjì sẹ́yìn. Nígbà míì kì í ro ẹni tí wọ́n dè rárá. Nítorí náà, “ṣé kò sí?” nìkan ò tó. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ sókè láti ọrùn ọwọ́, kó ya ìka, kó fún ìka yín dáadáa. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kan tún wà lẹ́bàá ìta orúnkún, nísàlẹ̀ díẹ̀. Òun ló ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè.

Dídojú ẹni bolẹ̀, kí wọ́n so ọwọ́ àtẹsẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, máa ń dí èémí lọ́wọ́. Okùn ò sì gbọ́dọ̀ dé ọrùn rárá.

Ẹni tí wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òkè, tó dúró gbọnrangandan, lè dákú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń wọ́ sí ẹsẹ̀. Bó bá dákú, gbogbo ìwúwo rẹ̀ já lé ọrùn ọwọ́ nìyẹn, kókó okùn á sì fún débi pé ìka ò ní lè tú u. Kí sísọ́ọ̀sì tí ṣóńṣó orí rẹ̀ ò mú, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gé báńdéèjì, wà nítòsí. Níbi tí iná ti ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má jáde lọ gbé omi, ẹ má sì mutí ṣáájú. Bí ẹ bá di ẹnu ẹni náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ fi ṣe àmì ìdádúró ò wúlò mọ́ nìyẹn. Ẹ fún un ní ìdì kọ́kọ́rọ́ mú. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, eré parí.

Bí ẹ bá ń tú u, ẹ má já apá tó ti wà lókè wálẹ̀ gìrìgìrì. Ẹ gbé e sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì rọ lẹ́yìn tí ẹ tú okùn tán, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Ó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó mutí yó, tí wọ́n sùn lé apá lórí àga. Iṣan kan náà ni.