Páúdà irin wà nínú silikóònù mi, iná òòfà kò mú un dì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo po páúdà alumíníọ̀mù mọ́ silikóònù alápá méjì (oje méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè di rọ́bà), mo gbé mọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí sítóòfù índọ́kṣọ̀n (èyí tó ń fi òòfà mú ìkòkò gbóná) kó lè tètè dì. Sítóòfù kàn ń ké ni, kò gbóná rárá. Àbí ó ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ìkòkò irin ló ń wá, kò sì rí i. Ṣùgbọ́n bí o tilẹ̀ rí ẹ̀rọ tí kì í béèrè ìkòkò, páúdà yẹn ò ní gbóná tó nǹkan. Iná inú kọ́ìlì sítóòfù (wáyà tí wọ́n ká róbótó) ń yí ojú padà ní ìgbà 20,000 sí 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà tó ń ti ibẹ̀ jáde náà ń yí bẹ́ẹ̀. Tí irin bá fẹ̀ tó, òòfà yìí yóò mú kí iná máa yí po nínú rẹ̀, ooru ti dé nìyẹn. Nínú alumíníọ̀mù, tí iná bá ń yí ní ìgbà 100,000, nǹkan bí mílímítà 0.26 ni iná ń wọlé dé. Hóró páúdà tó kéré sí èyí gan-an kò ní àyè tí iná yóò ti yí po, silikóònù tí kì í gba iná kọjá sì ti wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀.

Páàrọ̀ páúdà ni. Irin gidi (iron), níkẹ́ẹ̀lì àti magnetite (òkúta irin tí òòfà ń fà) ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń gbóná: òòfà tó wà nínú hóró wọn gbọ́dọ̀ máa yí tẹ̀lé ti kọ́ìlì, kì í sì í yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Agbára tó ń ṣòfò níbẹ̀ ló ń di ooru, kódà nínú hóró kékeré. Èmi ò ní mú níkẹ́ẹ̀lì, nítorí eruku rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Carbonyl iron (páúdà irin gidi tó kúnná gan-an) ni kí o wá.

Ìbéèrè: Mo ti fi irin ṣe é, mo sì lo ẹ̀rọ oníkọ́ìlì gidi. Ìsàlẹ̀ dì, ó tilẹ̀ fẹ́ jóná, òkè sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ìdáhùn: Irin ti rì. Ó wúwo ju silikóònù lọ ní ìlọ́po méje, kò sì ní dúró dè ọ́. Fi fumed silica (páúdà silica tó fúyẹ́ gan-an) díẹ̀ mú àpòpọ̀ náà ki, fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o sì tanná kíá. Má fi kọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ nìkan, jẹ́ kó yí mọ́ọ̀dù ká, torí agbára òòfà ń yára dínkù bó bá ṣe ń jìnnà sí kọ́ìlì. Silikóònù kì í tètè gbé ooru kiri, nítorí náà máa tan án, kí o máa pa á, kí ooru ráyè tàn ká. Mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù ńkọ́? Rárá o! Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbóná, yóò sì dí òòfà lọ́nà. Gíláàsì tàbí Teflon ló dára. (Tí ohun tí o fẹ́ ṣe kò bá nípọn ju mílímítà méjì lọ, ófùn lásán ti tó, má dára rẹ lágara.)

Ìbéèrè: Gbogbo rẹ̀ gbóná, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣì ń lẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ooru kọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èyí tí plátínọ̀mù ń mú dì, imí ọjọ́, amine (irú kẹ́míkà kan tó ní nitrogen) àti silikóònù tí wọ́n fi tin mú dì máa ń ba plátínọ̀mù jẹ́. Bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà latex sọnù, lo nitrile. Lẹ́yìn náà, gbé díẹ̀ tí kò ní páúdà sínú ófùn. Sylgard 184 (silikóònù kan tí plátínọ̀mù ń mú dì), fún àpẹẹrẹ, ń dì ní ìṣẹ́jú 35 ní 100°C. Bí ìyẹn bá dì tí ti páúdà kò dì, ohun tí wọ́n fi bo páúdà ni kí o fura sí.

Ìbéèrè: Wáyà thermocouple (èyí tí mo fi ń wọn ooru) sọ pé ó ti lé ní 200°C. Ṣebí irin máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ tó bá gbóná jù?

Ìdáhùn: Wáyà náà irin ni, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbóná. Lo kámẹ́rà infrared (èyí tó ń wo ooru láti òkèèrè). Lóòótọ́ ni òòfà irin máa ń lọ tó bá gbóná, àmọ́ ó di 770°C, silikóònù á sì ti jóná kó tó débẹ̀. Ìwọ lo máa pa iná.