Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ajá Yín Lọ sí Ọgbà Àgbọ̀nrín Knole

Knole jẹ́ ilé ńlá àtijọ́ kan ní Sevenoaks, ní ẹkùn Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìdajì wákàtí ni rélùwéè máa ń gbà láti London Bridge débẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi, ń sá lọ nígbà tí ariwo Lọ́ńdọ̀n bá sú wa. Ọgbà tó yí ilé náà ká tó ẹgbẹ̀rún éékà, àgbọ̀nrín sì ń jẹko kiri inú rẹ̀ láìsí ẹni tó so wọ́n. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: fallow, tí àmì funfun tóótòòtó máa ń wà lára wọn nígbà ooru, àti sika, tí ìran wọn ti Japáànì wá.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ajá fi gba ìṣọ́ra níbẹ̀. Nítorí ọdẹ ni àwọn ọlọ́lá ayé ọjọ́un ṣe máa ń ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní 1456 ni Thomas Bourchier, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ra Knole. Nígbà tó di 1538, Ọba Henry Kẹjọ gbà á lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cranmer, ọba yẹn sì fẹ́ràn ọdẹ bí nǹkan míì. Ajá ni wọ́n fi ń lé àgbọ̀nrín láyé ìgbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ ilé wa náà ṣe ń ṣe. National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ló ń tọ́jú ilé náà láti 1946, kò sì sẹ́ni tó ń fi ajá dọdẹ níbẹ̀ mọ́. Ajá yín ni kò mọ̀. Bó bá ti gbóòórùn àgbọ̀nrín, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ tó wà lára rẹ̀ á jí.

Ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí ẹ wà

Láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje ni àgbọ̀nrín ń bímọ. Ìyá á fi ọmọ pamọ́ sínú koríko gíga, á wá jìnnà sí i láti jẹko. Ọmọ náà kì í mira. Ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bí ìyá bá rí ajá nítòsí, kò ní sá. Ajá yẹn gan-an ló máa kọjú ìjà sí. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, àwọn akọ ló ń ṣorò: wọ́n á máa ké, wọ́n á máa kan ara wọn nítorí abo. Ẹ má mú ajá tó lójora tàbí tó máa ń gbó ṣáá lọ nígbà méjèèjì yìí.

Èmi fẹ́ràn oṣù kejì àti oṣù kẹta. Koríko gíga ti kú, igi kò ní ewé, ẹ ó sì rí agbo àgbọ̀nrín lókèèrè kí ajá tó rí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ìwo àwọn akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Èyí yà mí lẹ́nu gan-an nígbà àkọ́kọ́, torí ìwo àgbọ̀nrín ilé wa kì í wọ́ títí tó fi máa kú. Tiwọn ń wọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Bí ajá yín bá rí ọ̀kan nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Okùn tí kò ju mítà méjì lọ, èyí tí kì í nà. Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ, irú èyí tó ń tú jáde látinú ike ni mo mú dání. Abo kan gbérí látinú koríko, Tanímọ̀la ta, okùn tín-ín-rín yẹn sì fà gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá bí ọ̀bẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè gúnyán. Láti ọjọ́ náà, okùn awọ ni mò ń lò.

Ẹ rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lára bẹ́líìtì ọrùn ajá. Òfin Ìlú Ọba ti béèrè fún un láti 1992. Ẹ mú omi, abọ́, àti ọ̀rá tí ẹ máa fi kó ìgbẹ́ rẹ̀, torí aràn inú ìgbẹ́ ajá lè ba ẹran tó ń jẹko níbẹ̀ jẹ́. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ eégbọn náà.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Ajá méjì lè bá èrò kan wọ rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọn kò bá ṣáà ti jókòó lórí àga. Láti ibùdókọ̀ Sevenoaks, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba High Street fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí ẹ ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas. Ẹnu ọ̀nà ọgbà kọjú sí i. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọlé kì í sanwó; ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ń gbowó fún.

Nínú ọgbà

Ẹ má tú ajá sílẹ̀ rárá. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, látìgbà tí ẹ bá wọlé títí ẹ ó fi jáde. Ní 2011, ajá kan já lọ ní Richmond Park, ọgbà àgbọ̀nrín mìíràn ní Lọ́ńdọ̀n, ó da agbo àgbọ̀nrín sójú títì níbi tí mọ́tò ti ń kọjá. Gbogbo ayé ló wo fídíò rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín sí i, nítorí mọ́tò ìbá ti kọ lu ẹ̀dá kan níbẹ̀.

Ẹ jìnnà tó 50 mítà sí wọn, ẹ má sì gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá. Àgbọ̀nrín Knole ò bẹ̀rù èèyàn mọ́, torí pé àwọn kan máa ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pọfúpọfù yín sínú báàgì títí wọ́n á fi kọjá.

Bí ọ̀kan bá wá ń bọ̀ wá bá yín pẹ̀lú ìbínú ńkọ́? Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ lè ju okùn sílẹ̀ nìyẹn. Ajá ló ń bá jà, ajá sì lè sáré ju yín lọ. Bí ẹ bá di okùn mú, ẹ̀yin méjèèjì ló máa kàn. Ẹ jẹ́ kó sá, kí ẹ̀yin yà sẹ́yìn igi.

Bí ẹ bá fẹ́ wo inú ilé

Ajá kì í wọ àwọn yàrá náà, àyàfi ajá tó ń ran ẹni tó ní àìlera lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ lọ ní méjì: ẹnì kan á dúró ti ajá, ìkejì á wọlé, ẹ ó sì pààrọ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láì rí King's Room, níbi tí àwọn àga àti tábìlì onífàdákà wà. Ẹ má ti ajá mọ́ inú mọ́tò lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Kì í pẹ́ rárá tó fi ń pa wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá padà délé

Ibi tí àgbọ̀nrín bá wà, eégbọn wà níbẹ̀. Ẹ yẹ inú etí ajá wò, abẹ́ apá rẹ̀, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Eégbọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ yó kò ju hóró sẹ́sámì lọ, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ẹ fi ẹ̀mú mú un níbi tó ti wọ ara gan-an, kí ẹ sì fà á jáde díẹ̀díẹ̀ láì tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ má fi kerosíìnì tàbí iná lé e. Kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ ara yín náà wò, pàápàá lẹ́yìn orúnkún. Bí àmì róbótó tó ń fẹ̀ sí i bá yọ lára yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ lọ sí ọgbà àgbọ̀nrín, torí eégbọn lè kó àrùn Lyme ranni.