Bí kọ́sítọ́mà kéà ṣe lè tètè dá yín lóhùn: íntánẹ́ẹ̀tì àti dikóódà nílé yín l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti pe kọ́sítọ́mà kéà láìmọ nọ́ńbà dikóódà rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: á sáré wọ pálọ̀, á dojú dikóódà dé, á máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. Kó tó rí i, ìlà ti já, ó tún di "tẹ ení, tẹ èjì" látìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbé ìpè yín kò rí ilé yín, kò sì rí ráútà yín. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, ibẹ̀ ló ti ń ka ohun tó máa bi yín. Bí ìdáhùn bá ti wà lẹ́nu yín, ọ̀rọ̀ á tètè parí.

Nítorí náà, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀gbẹ́ ráútà. Tó bá jẹ́ DStv tàbí StarTimes, nọ́ńbà smartcard. Tó bá jẹ́ GOtv, nọ́ńbà IUC tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara dikóódà. Tó bá jẹ́ ráútà onísíìmù, nọ́ńbà síìmù tó wà nínú ráútà gan-an lẹ máa kọ, kì í ṣe ti fóònù yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣe, torí ọmọ tó ta ráútà fún wọn ló fi síìmù sí i, wọn ò sì rí nọ́ńbà náà rí. Ẹ wò ó lára páálí rẹ̀ tàbí nínú áàpù ráútà. Ẹ tún kọ orúkọ tí wọ́n fi forúkọ síìmù yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ àbúrò yín tó ti lọ sí Èkó ni, òun ni wọ́n máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀, NIN tiẹ̀ ni wọ́n sì máa béèrè. Ti fáíbà (íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà wọlé) ní tiẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórí ríṣíìtì àkọ́kọ́ ni ẹ nílò.

Ẹ fi àdírẹ́sì tó já geere kún un. "Ọbáńtokò" nìkan kò tó, Ọbáńtokò tóbi. Ẹ kọ orúkọ òpópónà, àmì tí ẹnikẹ́ni lè rí, àti àwọ̀ géètì: ilé tó tẹ̀lé mọ́ṣáláṣí, géètì aláwọ̀ ewé, òkè pátápátá. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní nọ́ńbà tó ṣeé tẹ̀ lé, ẹni tó ń bọ̀ wá tún wáyà ṣe á sì rìn yípo tó bá jẹ́ pé "ẹ̀bá ọ̀nà Adátán" nìkan ló rí nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ló lẹ̀bi?

Ohun kejì tó ń mú kí wọ́n tètè dáni lóhùn ni kí a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kí a tó pè. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe bóyá Nẹ́pà mú iná wá nìkan, ẹ wo adápítọ̀ náà. Ẹnu adápítọ̀ dikóódà àti ti ráútà máa ń wọ inú ara wọn, àwọn ọmọ ilé á sì ti pààrọ̀ wọn láìmọ̀. Bí agbára rẹ̀ bá kéré sí ohun tí ráútà fẹ́, ráútà á tan, á pa, á tún tan fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa bú iléeṣẹ́ lásán. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà, bíi 12V àti 1A tàbí 1.5A, kí ẹ fi wé ohun tó wà lára adápítọ̀. Òǹkà V gbọ́dọ̀ bára mu. Òǹkà A ti adápítọ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ dá a padà. Bí àpótí fáíbà àti ráútà bá dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí fáíbà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Ẹ jẹ́ kí iná ara rẹ̀ dúró ṣinṣin kí ẹ tó tan ráútà. Ihò kékeré tí wọ́n kọ Reset sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o! Ó máa pa gbogbo ohun tí wọ́n ti tò sínú ráútà rẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ó fi ń wọlé sí iléeṣẹ́. Ìṣòro kan ti di méjì nìyẹn, ó sì lè di pé kí ẹnì kan wá bá yín nílé.

Fún ẹni tó ń lo fáíbà, iná méjì lára àpótí tó wà lára ògiri ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ PON, èkejì ń jẹ́ LOS. Bí PON bá tan tí kò ṣẹ́jú, tí LOS sì kú, wáyà tó wọlé yín pé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá wá síbẹ̀, ẹ wo owó oṣù yín, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí LOS bá pọ́n tó ń ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú wáyà wá kò dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lórí Wi-Fi tó lè tún un ṣe. Ẹ tọ wáyà tín-ín-rín náà láti ibi tó ti wọlé: ṣé àga kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣé eku kò jẹ ẹ́, ṣé kò ká kọrọdọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Inú rẹ̀ ní okùn dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá ká a kọjá ààlà, ìmọ́lẹ̀ á máa jò sọnù. Ẹ má tú ẹnu rẹ̀ láti fi aṣọ nù ún, ẹ má sì fi ojú wo inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú kò lè rí ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lè ṣe ojú léṣe. Bí wọ́n bá ń gbẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá gbé ìpè. Katakata tó ń tún ọ̀nà ṣe máa ń gé wáyà fáíbà, ẹni tó bá sọ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ ti ran àwọn tó máa wá a lọ́wọ́.

Ti ráútà onísíìmù yàtọ̀. Ẹ yọ síìmù náà, ẹ fi sínú fóònù, ẹ tẹ *323# láti mọ iye dáta tó kù. Bí dáta bá wà, tí fóònù ń yára níbi kan náà, ráútà lẹ̀bi. Bí fóònù náà bá ń fà, òpó nẹ́tíwọ̀kì ni. Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ: ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ òkúta, tí òpó sì wà lódì kejì, kò ní rí nẹ́tíwọ̀kì bí ilé tó wà lókè. Ẹ gbé ráútà sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ibi tó gbalasa, ẹ gbé e ga, kí ẹ tún wò ó. Bí áàpù tàbí ojú ewé ráútà (192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ni ọ̀pọ̀ wọn) bá fi RSRP (òǹkà tó ń sọ bí àmì nẹ́tíwọ̀kì ṣe lágbára tó) hàn, òǹkà tó wà nítòsí -80 dára, -100 ṣeé fara dà, ohun tó bá ti burú ju -110 lọ, bíi -115, kò ní yá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òǹkà yẹn wúlò fún òṣìṣẹ́ ju "nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa" lọ.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá yá ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ń wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Ẹ dúró nítòsí ráútà, ẹ pa àwọn fóònù yòókù, ẹ fi fast.com wọn ọ́n ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ẹ fi àbájáde ránṣẹ́. Lójú tiwa, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè fi ìpè kan yanjú èyí. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lo síìmù nẹ́tíwọ̀kì mìíràn dípò kí ẹ máa pè lójoojúmọ́.

Dikóódà

Ẹ ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lórí DStv àti GOtv, E16 ń sọ pé owó ti tán, tàbí pé ẹ ti san án ṣùgbọ́n àṣẹ tó ń ṣí i kò tíì dé. Ojú òfuurufú ni àṣẹ yẹn ń gbà wá, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dikóódà wà ní títàn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó sanwó nígbà tí Nẹ́pà kò sí, àṣẹ lè ti kọjá lọ kí iná tó dé. Kò yẹ kí ẹ wá kọ́sítọ́mà kéà nítorí èyí: ẹ tan dikóódà, ẹ tẹ *288# tàbí kí ẹ wọ áàpù MyDStv tàbí MyGOtv, kí ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń pa àṣìṣe rẹ́, kí ẹ fi dikóódà sílẹ̀ ní títàn.

E48-32 kò kan owó. Kò sí àmì tó ń wọlé ni. Díìsì DStv kọjú sí ìlà-oòrùn, òjò ńlá sì máa ń dí i. Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná. Bó bá dá tí kò padà, ẹ wo ẹnu wáyà tó wọ ẹ̀yìn dikóódà, bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo bóyá ẹ̀ka máńgòrò ti hù síwájú díìsì, tàbí atẹ́gùn ti yí i. GOtv kò lo díìsì, ántẹ́nà ló ń lò, orí ilẹ̀ ni òpó rẹ̀ wà, nítorí náà òkè àti ilé gíga ló ń dà á láàmú ju òjò lọ.

Ìbéèrè kan ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìpè tí kò wúlò: báwo ni ti aládùúgbò tó ń lo irú tiyín? Bí tiẹ̀ náà bá kú, iléeṣẹ́ ni. Bí tiẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó so díìsì yín ni kí ẹ pè, torí kọ́sítọ́mà kéà kò lè gun òrùlé yín.

Ìpè fúnra rẹ̀

Láti 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ti ní kí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì fóònù lo nọ́ńbà kan náà: 300 ni kọ́sítọ́mà kéà. Ẹ pè ní kùtùkùtù. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà, torí gbogbo ẹni tí E16 dá dúró ló máa wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí áàpù tàbí WhatsApp iléeṣẹ́ bá wà, a fara mọ́ ọn ju ìpè lọ, torí àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì lè fi fọ́tò iná ráútà ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi ni …, nọ́ńbà àkáǹtì mi ni …, Adátán, Abẹ́òkúta. Láti aago 6:40 àárọ̀ òní ni iná LOS ti pọ́n tó ń ṣẹ́jú. Mo ti pa á, mo sì tún un tàn. Wáyà inú ilé kò ká, kò já. Ti aládùúgbò mi tó ń lo iléeṣẹ́ yín náà kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti ìgbà tí wọ́n máa wá."

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí wọn ìbá bi yín. Bí wọ́n bá tún sọ pé kí ẹ pa á, kí ẹ tàn án, ẹ fi sùúrù sọ pé ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ ṣe é. Ẹ má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wà.

Ẹ má kúrò lórí ìlà láìgba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Bí ẹ bá tún pè lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá ń ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lójoojúmọ́, ẹ ń padà sí ìdí ìlà ni.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà tí ẹ san án sí pé. Lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, orúkọ máa ń jáde kí wọ́n tó tẹ owó. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ dá wọn dúró. Bí báńkì bá yọ owó ṣùgbọ́n tó sọ pé kò lọ, báńkì lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bó bá sọ pé ó lọ, ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí ríṣíìtì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé tiransífà lẹ ṣe, session ID ni, òǹkà 30 ni.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì fún síìmù tó sọnù, ọ̀rọ̀ NIN, tàbí ẹ̀rọ tó jóná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ, adápítọ̀ rẹ̀, rìmóòtù àti NIN dání. Ẹ wo áàpù kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí Pańṣẹ́kẹ́ tàbí Ìbarà, torí kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kun àwọ̀ iléeṣẹ́ ló jẹ́ tiwọn; òǹtàjà lásán ni àwọn míì.

Bí ẹ bá kọ ẹ̀hónú sí gbangba lórí Facebook tàbí X, ẹ má kọ nọ́ńbà smartcard yín síbẹ̀. Àwọn oníjìbìtì tó ń lo orúkọ kọ́sítọ́mà kéà á yọ sí yín nínú ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè PIN, OTP tàbí nọ́ńbà káàdì ATM, olè ni, ẹ dí i pa.

Bí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ yín, torí wọn kì í gba ẹ̀hónú tí a kò kọ́kọ́ gbé lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́. Ti DStv, GOtv àti StarTimes, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kí ẹ gbé e lọ bá. NCC sì kéde ní 2025 pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú lágbègbè kan, tó ju wákàtí 24 lọ, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ohun kan padà fún oníbàárà, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dáta rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ fi aago tó kú àti aago tó padà hàn wọ́n.