Bí orúkọ Àìná ṣe wọ inú ìwé ọmọ mi

Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin ní Houston, ìwọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Kó tó di pé mo gbọ́ igbe rẹ̀, ẹ̀mí mi ti fò lọ. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n kọ orúkọ ọmọ kí a tó máa lọ sílé. Àwa tí à ń dúró de ọjọ́ kẹjọ! Ó ti rẹ̀ mí, òru sì ti jìn ní Ìbàdàn, mi ò lè jí màmá mi. Mo kọ Ashley.

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ó ti gbé orúkọ rẹ̀ bọ̀. Àìná ni." Wọ́n fi Morẹ́nikẹ́ kún un. Láti ìgbà náà, Àìná ló ń jẹ́ nílé, Ashley ló ń jẹ́ níléèwé, nílé ìwòsàn àti nínú páspọ́ọ̀tù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Àìná kì í ṣe orúkọ mi gan-an ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ní Texas, kò pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà kó tó yí orúkọ ọmọ padà. Fọ́ọ̀mù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo bá dá a ṣe. Mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú, mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọn ò dá ọjọ́ fún wa. Ìgbà tí mo gbé e lọ bá lọ́yà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló tó fi ìka tọ́ ibi tó ṣófo hàn mí: ọkọ mi kò buwọ́ lù ú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lójú adájọ́, ó dà bíi pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ọmọ lẹ́yìn bàbá ẹ̀." Bí bàbá kò bá buwọ́ lù ú, àfi kí wọ́n fi ìwé kọ́ọ̀tù jíṣẹ́ fún un. Ó tún ní ohun kan kù tí n kò mọ̀ rárá: ọmọ tó bá ti pé ọdún 10 gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé pé òun náà fara mọ́ ọn.

Ló bá tún ìwé náà kọ: orúkọ tó ń jẹ́, ibi tí à ń gbé, orúkọ tí a fẹ́, àti pé kò sí kọ́ọ̀tù mìíràn tó ń dá ẹjọ́ lórí ọmọ náà. Níbi ìdí tí a fi fẹ́ yí i padà, ó kọ "nítorí àṣà ìdílé." Mo ní rárá, kó kọ ọ́ bó ṣe rí, kó kọ ọ̀rọ̀ ìwọ́ sí i. Ó sì kọ ọ́.

Ọmọ náà ní kí a má yọ Ashley dànù, orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ òun fi mọ òun ni. A fi í sẹ́yìn: Àìná Morẹ́nikẹ́ Ashley. Lọ́yà ti kìlọ̀ pé páspọ́ọ̀tù àti káàdì Social Security, ìyẹn káàdì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà wà lórí ẹ̀, kì í gba àmì ohùn, nítorí náà lẹ́tà lásán la tẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi fẹ́ buwọ́ lù ú, ó rọra kọ Àìná, ó gbé bíírò sókè, ó wá fi àmì lé e níkọ̀ọ̀kan: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Lọ́yà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò ó.

Káúńtì Fort Bend là ń gbé, ìlú Richmond ni kọ́ọ̀tù wa wà. Ìgbẹ́jọ́ náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo búra, lọ́yà bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, pàápàá bóyá ìyípadà yìí yóò ṣe ọmọ náà láǹfààní, nítorí ohun tí òfin ní kí adájọ́ wò nìyẹn. Adájọ́ yíjú sí ọmọ náà, ó bi í bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Adájọ́ buwọ́ lù ú.

Ẹ má ṣe gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ adájọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́rin tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù ni mo gbà, gbogbo rẹ̀ ló sì wúlò. Ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì Social Security. Káàdì tuntun dé, nọ́ńbà kò yí padà. Ọ̀kan lọ sí Austin, olú ìlú Texas, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àtúnṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ìyẹn ló pẹ́ jù. Iléèwé gba ọ̀kan.

Páspọ́ọ̀tù ló kù. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16, òbí méjèèjì ló yẹ kó bá a lọ, ọkọ mi sì ti gba àyè níbi iṣẹ́. Mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó, mo fẹ́ kí orúkọ tó wà nínú páspọ́ọ̀tù tuntun ló wà lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí dé láti Austin, màmá mi ní kí n kà á sí àwọn létí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ka A, I, N, A. Wọ́n ní kí n tún un kà.