Bí a ṣe ń wọn pọtásíọ̀mù inú ìtọ̀ kantíkantí

Kantíkantí tó ń rábàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà náà ń tọ̀. Kò ní kíndìnrín. Páìpù Malpighi 4, ìyẹn páìpù tínrín tó ń ṣe ìtọ̀, ló ní, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mìlímítà 2. Páìpù yìí kì í ṣe asẹ́. Ṣe ló ń ti pọtásíọ̀mù wọ inú ara rẹ̀, kílóráìdì á tẹ̀ lé e, omi á wọ́ tẹ̀ lé méjèèjì. Ramsay, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, ló gbé ọgbọ́n ìwọ̀n yìí jáde ní àwọn ọdún 1950. Kòkòrò tó jọ ẹ̀ka igi ni òun fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ fi kantíkantí sórí yìnyín títí kò fi ní mira mọ́. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, nínú omi oníyọ̀, ẹ fi ẹ̀mú tínrín kan di àyà rẹ̀ mú, kí ẹ fi èkejì fa ìdí rẹ̀. Ìfun á jáde pẹ̀lú àwọn páìpù náà. Méjì méjì ni wọ́n so pọ̀ ní ìdí; ibi ìsopọ̀ yẹn ni kí ẹ gé kúrò lára ìfun, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ ti máa gbé wọn. Ẹ má fi ẹ̀mú kan àárín páìpù o! Èyí tó bá ti lù, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sínú ìda tó wà nísàlẹ̀ àwo, kí ẹ da òróró parafíìnì bò ó, kí ẹ wá kán omi oníyọ̀ sínú ihò náà. Páìpù kan á wà nínú omi; ẹ fa èkejì síta, kí ẹ wé e mọ́ píìnì. Láàárín wọn, níbi ìsopọ̀, ìtọ̀ á yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ gaara. Òróró ni kò jẹ́ kó gbẹ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ wọn ìbú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ mìlímítà 0.3, ẹ sọ ọ́ di 0.3 × 0.3 × 0.3 × 0.52: bíi nanolítà 14 nìyẹn (nanolítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù lítà). Ẹ pín in sí 30: nanolítà 0.47 ní ìṣẹ́jú kan.

Abẹ́rẹ́ gíláàsì tó ní valinomycin, èròjà tó ń di pọtásíọ̀mù mú, lẹ́nu ló ń mọ pọtásíọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ fi dán omi tí ẹ ti mọ ìwọ̀n pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ wò, kí ẹ tó tì í bọ ìlẹ̀kẹ̀. Tó bá ka 120 mílímólù ní lítà kan, ẹ fi 0.47 sọ ọ́ di púpọ̀: picomólù 56 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Pọtásíọ̀mù inú omi oníyọ̀ tí a sábà máa ń lò kò ju mílímólù 20 ní lítà kan lọ, ẹ wo bó ṣe ń gun òkè!

Ẹ má tíì tú àwo náà ká. Ẹ kán oògùn bumetanide sínú omi ihò yẹn, kí ẹ tún wọn ìlẹ̀kẹ̀ páìpù kan náà. Ìtọ̀ á dínkù, torí oògùn yìí dí ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà tí pọtásíọ̀mù ń gbà wọlé.