Dídè Strut Bar Mọ́ Iwájú Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì

Strut bar ni irin tó dábùú lókè ẹ́ńjìnnì, tó so ilé ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Bí ọkọ̀ bá gé kọ́nà pẹ̀lú eré, páànù ilé ṣọ́ọ̀kì máa ń tẹ̀ wọnú díẹ̀, ìdúró táyà á sì yí. Irin yìí ni kì í jẹ́ kó tẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló di táyà mú lókè ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù, bíi Toyota Celica ọdún 2000 sí 2005. Mazda MX-5 ní apá lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà èrè tiẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò. Gálọ́ọ̀pù ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dá bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà abẹ́ ọkọ̀) sí, bọ́ọ̀ṣì tó ti gé kò sì ní tìtorí irin yìí sàn. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kan, ẹ fi ọwọ́ kan mú un lókè, ìkejì nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Bó bá ń dún kò-kò, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ nu orí ilé ṣọ́ọ̀kì mọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó dípẹtà tàbí ó sán. Èyí tó bá sán, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló ń lọ.

Irin tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yẹn gan-an ló dára jù. Bó bá jẹ́ pé wẹ́dà ló máa rọ ọ́, kó lo páìpù kan tó gún gbọọrọ, pẹ̀lú awo irin bíi 4 sí 5 mm lápá méjèèjì. Èyí tí wọ́n tẹ̀ gba orí ẹ́ńjìnnì máa ń rọ̀ níbi tó ti tẹ̀. Ilẹ̀ ni kó ti jó o. Kó má jó o lórí ọkọ̀ tí bátìrì ṣì wà lẹ́nu okùn.

Ọjọ́ ìdè, ẹ gbé ọkọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Ẹ má lo jáàkì: ìwúwo ọkọ̀ ló ń ti ṣọ́ọ̀kì mọ́ ilé rẹ̀, bí táyà bá wà lókè, ṣọ́ọ̀kì á já wálẹ̀ tí nọ́ọ̀tì bá tú tán. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Òun ló de sípíríǹgì; bó bá tú, ó lè pa èèyàn.

Ẹ fi máákà fa ìlà yí bóòtì kéékèèké orí ilé ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ká. Sípánà 12 tàbí 14 ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànì mu. Ẹ tú ọ̀tún, ẹ gbé awo lé e, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì padà, kí ẹ tó bọ́ sí òsì. Eyín bóòtì gbọ́dọ̀ yọ lórí nọ́ọ̀tì, ó kéré tán méjì. Bí kò bá yọ, awo yẹn nípọn jù, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí ihò kò bá bá bóòtì mu, ẹ má fi fáìlì fẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé tòkunbọ̀ yẹn ti forí gbá nǹkan rí. Ẹ fi téépù wọn àárín ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, kí ẹ fi wé ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Inú ìwé kan náà ni iye Nm (ìwọ̀n bí nọ́ọ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ le tó) wà, tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì sì ni kí ẹ fi dì í. Ẹni tó bá fi páìpù gùn sípánà, bóòtì kéékèèké yẹn máa gé. Irin tó ní ibi ìfàgùn, ẹ yí i títí tí kò ní mì mọ́, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo kún un, kí ẹ tó dì nọ́ọ̀tì tí kì í jẹ́ kí ìfàgùn náà tú.

Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ irin náà lójú mẹ́ta, kó tóbi bí ọmọ àtàǹpàkò. Ẹ rọra ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí i. Níbi tí amọ̀ ti tẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 10 mm, kí irin má baà gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin náà kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì.

Ẹ gbé e lọ sí àláìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, tí ẹ sì padà, ẹ dì gbogbo nọ́ọ̀tì wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ń ró kì-kì nínú gálọ́ọ̀pù, nọ́ọ̀tì kan ti rọ̀, tàbí irin ń gbá nǹkan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.