Bí A Ṣe Ń Ra Ilé Ayálégbé Àkọ́kọ́: Ìṣirò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ra ilé láti fi gba ayálégbé ló jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ilé, tí ilé náà sì wù wọ́n, kí wọ́n tó jókòó ṣe ìṣirò. Bí ilé bá sì ti wọ ènìyàn lójú, kò sí ìṣirò tí kò ní fi dá ara rẹ̀ láre. Nítorí náà, ìwé àti pẹ́ńsù ni kí ó ṣáájú. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, èyí kò burú, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ni èmi ń lò, ojú ewé kan fún ilé kan, torí pé ohun tí mo bá fi ọwọ́ kọ kì í tètè jáde lórí mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè iye tí báǹkì lè yá yín, ẹ yan àdúgbò tí ẹ lè dé láìlo odindi ọjọ́ kan, kí ẹ sì wádìí iye tí àwọn ayálégbé ń san ní ilé mẹ́ta tó jọ èyí tí ẹ ń wá. Iye tí wọ́n ń san ni mo wí, kì í ṣe iye tí àwọn agẹ́ńtì ń kọ sójú ìpolówó.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ọ̀gbẹ̀rì yóò mú owó ilé oṣù kan, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 12, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń ta ilé, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn. Ká ní 100,000 ni wọ́n ń ta ilé náà, ní irú owó yòówù tí ẹ bá ń ná, tí ayálégbé sì ń san 1,000 lóṣù. Èyí jẹ́ 12,000 lọ́dún, ìyẹn ìdá 12 nínú 100, ó sì dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kì í ṣófo: ayálégbé kan á kó jáde, ẹ ó kun ilé, ẹ ó wá ẹlòmíràn, oṣù kan á sì ti lọ. Ẹ yọ 1,000, ó ku 11,000. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ya nǹkan bí ìdá kan nínú 100 iye ilé sọ́tọ̀ lọ́dún fún àtúnṣe, ìyẹn 1,000 mìíràn. Bí ilé bá ti gbó, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni èmi máa ń kọ. Ó ku 10,000. Ẹ jẹ́ kí a fi 1,500 sílẹ̀ fún owó orí ilé àti owó adójútòfò, kí a sì fún ẹni tí yóò máa bá yín bójú tó ilé ní ìdá 10 nínú 100 owó tó bá wọlé, ìyẹn 1,100. Ohun tó kù jẹ́ 7,400. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa bójú tó o, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ pa ìlà yẹn rẹ́, torí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sú yín.

A kò tíì parí. Owó agbẹjọ́rò, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ẹni tó yẹ ilé wò àti ti àtúnṣe àkọ́kọ́ wà lára ohun tí ilé náà ná yín. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 10,000, orí 110,000 ni ẹ ó ti ṣírò 7,400 yẹn, kò sì tó ìdá 7 nínú 100 mọ́.

Ká wá ní ẹ yá 70,000 lọ́wọ́ báǹkì fún 20 ọdún, ní èlé ìdá 8 nínú 100 lọ́dún. Ẹ ó máa san nǹkan bí 586 lóṣù, èyí tó lé díẹ̀ ní 7,000 lọ́dún. Nínú 7,400, ohun tí yóò ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ fún odindi ọdún kan kò tó 400. Bí páìpù kan bá bẹ́, ó ti tán. Bí èlé náà bá jẹ́ irú èyí tí báǹkì lè yí padà, tó sì gòkè dé ìdá 9, owó tí ẹ ó máa san á di nǹkan bí 7,560 lọ́dún, ilé tó yẹ kó máa bọ́ yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú owó oṣù yín. Nígbà tí mo fi irú ìṣirò yìí han ojúlùmọ̀ mi kan, ó ní kí n má dààmú, pé iye ilé yóò máa gòkè. Ó gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà ṣófo fún oṣù mẹ́ta, kò rí owó san fún báǹkì, ó sì tà á fún ẹlòmíràn kí èrè náà tó jẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í ra ilé bí n kò bá ní owó tó lè gbé ìnáwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nílẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ rà á.

Bí ìṣirò bá ti yọrí, ẹ wá lọ wo ilé, lẹ́yìn òjò ńlá bó bá ṣeé ṣe. Tọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù kékeré kan ni mo máa ń mú dání. Bí mo bá gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ ní yàrá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń yí lọ sí apá kan náà, mo máa ń fura sí ìpìlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin ògiri wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀: ẹ fi kan ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ìsàlẹ̀ fèrèsé àti àjà ilé ìwẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Nínú ilé àkọ́kọ́ tí mo rà, ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, mo sì rò pé onílé náà ń tọ́jú ilé rẹ̀ ni. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀dà náà fi wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí; nígbà tí a fọ́ ògiri, páìpù tó ti ń jò látọjọ́ pípẹ́ la bá níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ì bá ti rí i kí n tó sanwó. Lónìí, bí mo bá ti rí ògiri kan tí ọ̀dà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, mo máa ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì ń san owó amòye kan kó wá yẹ ilé wò.

Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tiyín yẹ ìwé ilé wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ní ti ayálégbé, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo ẹni tó bá wá, torí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò fàyè gba kí a lé ènìyàn padà nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un. Bí owó ilé bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ, ara yóò ni ín láìpẹ́. Ẹ sì bá onílé rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀, àní èyí tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ti ìsinsìnyí. Onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lè yìn ín nítorí kó lè tètè rí i kó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ìdí láti parọ́.

Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí owó ìdógò rẹ̀ sì wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ jọ rìn yí ká ilé, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan àti àbùkù tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán wọ̀nyí ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ti mítà iná àti ti omi ni èmi máa ń yà kẹ́yìn, tí nọ́ńbà wọn á hàn kedere, kí n tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.